Ṣé ìdíje ló bí ètò ìlú láàárín àwọn Gíríìkì àtijọ́?

Àrẹ̀mú_Onítàn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, ẹ bá mi dá sí i. (Gbogbo ọdún tí mo bá dárúkọ níhìn-ín, ṣáájú ìbí Kristi ni, kí n má bàa máa tún un kọ.)

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé àwọn Gíríìkì fẹ́ràn ìdíje bí ẹni máa kú: eré sísá, ìjàkadì, ẹṣin, orin, títí kan ta ló mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Wọ́n sì tún kọ́ wa lọ́tọ̀ nípa ìgbìmọ̀ ìlú wọn, òfin tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, àti ilé ẹjọ́ tí aráàlú ti ń dájọ́. Ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ṣe dáadáa ni kó so méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dreros, ní erékùṣù Kírétè. Ní nǹkan bí ọdún 650, wọ́n gbẹ́ òfin kan sára òkúta ojúbọ òrìṣà Apollo níbẹ̀. Òfin náà ò gùn. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ kosmos, ìyẹn olórí ìlú, kò gbọdọ̀ tún un jẹ àfi tí ọdún 10 bá pé. Bó bá fi agídí jẹ ẹ́, ẹjọ́ yòówù tó bá dá, ìlọ́po méjì ni yóò fi san án, kò sì ní dipò kankan mú mọ́ láyé rẹ̀. Òfin yìí wà lára àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tó ṣẹ́kù fún wa láti ilẹ̀ Gíríìsì. Kò bá olè wí, kò bá apànìyàn wí, àwọn tó ń du ipò ló ń bá wí. Ta ló máa ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwọn tó ń du ipò náà fúnra wọn, tí ọ̀kan ò fọkàn tán èkejì?

Akéwì Hesiod náà sọ ọ́ pé Ìjà méjì ló wà láyé. Ọ̀kan ń dá ogun sílẹ̀. Èkejì ń lé ọ̀lẹ dìde lórí ẹní nígbà tó bá rí i pé aládùúgbò òun ti ń rí ṣe. Amọ̀kòkò ń jowú amọ̀kòkò, akọrin ń jowú akọrin, alágbe pàápàá ń jowú alágbe. Òun alára lọ díje níbi ìsìnkú Amphidamas ní Chalcis, ó sì fi orin gba ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ̀ nílé, torí náà ó mọ ohun tó ń sọ.

Tèmi ni pé inú ìdíje ni ètò ìlú ti jáde. Ẹ̀yin ńkọ́?

---

Gúgúrú_àti_Ẹ̀pà

Mo ti jókòó. Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú ti tún kó iṣẹ́ dé 😂

---

Sáré_Tete

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fò kọjá ibi tó dùn jù. Olympia ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 776 ni àwọn fúnra wọn kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Eré kan péré ni wọ́n ń sá nígbà yẹn, stadion, nǹkan bíi mítà 192, láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì. Koroibos ará Elis ló gbégbá orókè, wọ́n ní alásè ni. Ìjàkadì wọlé ní 708, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní 688, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ní 680. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin yìí ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ olówó, torí ta ló lè máa bọ́ ẹṣin mẹ́rin ní ilẹ̀ olókùúta tí koríko ò ti pọ̀? Ẹni tó ni ẹṣin ló sì ń gba adé, kì í ṣe ẹni tó wà á.

Àmọ́ Olympia ti jẹ́ ibi fáàrí tipẹ́. Ìkòkò idẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọlọ́lá ń gbé lọ fún Zeus, àwọn awalẹ̀pìtàn hú u jáde níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Iwájú òrìṣà ni wọ́n ti ń fi han ara wọn pé tèmi ga ju tìẹ lọ.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Àwọn ìlú tí wọn ò ní ọba kan náà, tí wọ́n ń bára wọn jagun lọ́tùn-ún lósì, báwo ni wọ́n ṣe máa pé jọ sí pápá kan? Wọ́n nílò àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò ní kọlu àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ síbi eré. Wọ́n sì nílò adájọ́ tí wọ́n á gbọ́ tirẹ̀. Àwọn ará Elis ló ń dájọ́ yẹn. Elis ò lágbára tó fi lè ko Sparta lójú, síbẹ̀ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 420.

Wọ́n ní Sparta rán ọmọ ogun jáde nígbà tí àdéhùn wà nílẹ̀. Elis bu ìtanràn 2,000 mina, owó fàdákà ńlá, lé wọn. Sparta lóun ò san. Elis bá yọ gbogbo ará Sparta kúrò nínú ẹbọ àti eré. Lichas, ọlọ́lá Sparta kan tó lówó gan-an, wá ọgbọ́n dá: ẹṣin rẹ̀ sáré lórúkọ àwọn ará Boeotia. Ẹṣin náà borí! Wọ́n kéde Boeotia. Lichas ò lè mú un mọ́ra, ó bọ́ sínú pápá, ó fi adé dé ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ lórí, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó lẹṣin. Ni àwọn tó ń fi ọ̀pá ṣọ́ pápá bá lù ú níwájú gbogbo èrò. Ọmọ Sparta o, tí gbogbo Gíríìsì ń bẹ̀rù! Ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀, wọ́n rò pé ogun máa dé, àmọ́ wọ́n ṣe eré tán láìsí wàhálà. Sparta di í sínú ní tiwọn: ní nǹkan bí ogún ọdún sígbà náà, nígbà tí wọ́n gbógun lọ bá Elis, wọ́n ka ọ̀rọ̀ Lichas mọ́ ẹ̀sùn wọn.

Ẹ sọ fún mi, ètò wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ?

---

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ

> Ta ló máa ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwọn tó ń du ipò náà fúnra wọn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá nìkan lẹ̀ ń sọ, ẹ̀yin àti Sáré_Tete. Mẹ̀kúnnù ńkọ́? Nínú Iliad, ewì Homer lórí ogun Troy, nígbà tí Thersites, ọmọ ogun kan, dìde sọ̀rọ̀ láàárín ọmọ ogun lẹ́yìn odi Troy, tó ní Agamemnon olórí ogun ń dá kó ìkógun jẹ, ọ̀pá àṣẹ ni Odysseus, ọ̀kan lára àwọn ọba, fi là á lẹ́yìn títí ara rẹ̀ fi lé, gbogbo ibùdó sì fi ń rẹ́rìn-ín. Ìdíje tí ẹ ń yìn nìyẹn. Ẹni tí kò sí lára wọn ò gbọdọ̀ lanu.

Ẹ wo Áténì kó tó di 594. Àwọn olówó ń figa gbága. Ta ló ń sanwó ẹ̀? Àgbẹ̀ ni. Bó bá jẹ gbèsè, á fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Bí kò bá rí i san, wọ́n lè tà á sókè òkun bí ẹrú. Solon, ẹni tí wọ́n yàn kó tún òfin ṣe, dé ní 594, ó pa gbèsè rẹ́, ó fòfin de pé kí ẹnikẹ́ni tún fi ara rẹ̀ dúró fún gbèsè, ó sì lóun mú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti tà padà wálé. Ìdíje kọ́ ló fa ìyẹn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n pé àwọn tí ebi ń pa máa dìde.

Ó wá pín aráàlú sí ìsọ̀rí mẹ́rin: ẹni tó ń kórè òṣùwọ̀n 500 lọ́dún, ẹni tó ń kó 300, ẹni tó ń kó 200, àti àwọn tó kù. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ta ni ẹ́ ni wọ́n fi ń dipò mú. Nísinsìnyí, kí lo kó wálé láti oko. Ìyẹn lèmi ń pè ní ètò, ẹnikẹ́ni ò sì sáré kankan kó tó wáyé.

---

Àrẹ̀mú_Onítàn

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Kí Solon tó dé, Cylon ti dé.

Cylon, ọlọ́lá Áténì kan, gba adé eré sísá ní Olympia ní 640. Ó fẹ́ ọmọ Theagenes, apàṣẹwàá ìlú Megara. Adé wà lórí, àna alágbára wà lẹ́yìn, ó wò ó pé kí ló tún kù, àfi kóun náà di apàṣẹwàá Áténì. Ní nǹkan bí 632, Delphi, ojúbọ Apollo tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà, sọ fún un pé kó gba Acropolis, òkè olódi Áténì, lọ́jọ́ àjọ̀dún Zeus tó tóbi jù. Ló bá mú àkókò eré Olympia, torí pé ibẹ̀ lògo tiẹ̀ ti wá. Ẹ wo bí orí ọkùnrin ṣe ń wú! Ó rò pé aráàlú máa tẹ̀ lé òun. Wọ́n sáré wá láti oko lóòótọ́, òkè náà ni wọ́n sì wá yí ká pẹ̀lú ohun ìjà. Cylon rí ọ̀nà sá lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e jókòó síbi pẹpẹ, ebi ń pa wọ́n kú lọ. Àwọn tó yí òkè ká ṣèlérí fún wọn pé ẹ̀mí wọn ò ní bọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jáde báyìí, wọ́n pa wọ́n. Ìdílé Alcmaeonid ni wọ́n di ẹ̀bi náà lé lórí, Megacles sì ni olórí wọn. Ègún ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lórí ìdílé náà fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó di 621, Draco kọ òfin sílẹ̀. Bí wọ́n bá pa èèyàn ẹbí kan tẹ́lẹ̀, ẹbí ló máa lọ gbẹ̀san. Lábẹ́ òfin Draco, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e wá síwájú adájọ́, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á àbí kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ẹ̀jẹ̀ àwọn tó tẹ̀ lé Cylon mọ́ òfin yẹn, èmi náà sì so ó mọ́ ọn.

Ẹni tó bá sì rò pé adé ewé ólífì kéré sí ohun tí èèyàn ń kú fún, kó béèrè lọ́wọ́ Cimon. Peisistratus apàṣẹwàá lé e kúrò ní Áténì. Láti ibi tó wà ló ti fi ẹṣin gba adé ní Olympia. Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa borí, ó ní kí wọ́n kéde orúkọ Peisistratus dípò tòun. Kíá ni Peisistratus ní kó máa bọ̀ nílé. Àwọn ẹṣin kan náà tún borí lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà yẹn Peisistratus ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì lè fara mọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nílùú. Wọ́n rán àwọn kan lóru, wọ́n pa á. Wọ́n sin àwọn ẹṣin rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán ibojì rẹ̀.

---

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ìjíròrò o. Gbogbo ọkùnrin ló ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó dárúkọ Agariste.

Bàbá rẹ̀, Cleisthenes apàṣẹwàá Sicyon, borí nínú eré kẹ̀kẹ́ ní Olympia. Orí pápá níbẹ̀ ló ti kéde pé ẹni tó bá rò pé òun tó ó fẹ́ ọmọ òun, kó wá sí Sicyon láàárín ọjọ́ 60. Ọkùnrin 13 ló wá, láti Ítálì títí dé àríwá Gíríìsì. Ó kọ́ pápá eré àti ibi ìjàkadì fún wọn. Ọdún kan gbáko ló fi ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, àti pàápàá jù lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nídìí oúnjẹ. (Bàbá yìí gbọ́n.) Hippocleides ará Áténì ló wà níwájú.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dárúkọ ọkọ pé, wọ́n pa màlúù 100. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Hippocleides ní kí onífèrè fun fèrè, ó ń jó. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì wá, ó gun orí rẹ̀, ó jó ijó àwọn ará Sparta, ó jó ti Áténì. Lẹ́yìn náà ó fi orí dúró lórí tábìlì, ó wá ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó lófuurufú. Bàbá ìyàwó ti ń di gbogbo rẹ̀ mọ́nú bọ̀, kò lè dì í mọ́. Ó ní, "Ọmọ Teisander, o ti jó ìyàwó rẹ dànù." Èsì ọmọkùnrin yẹn: "Kò kan Hippocleides!"

Megacles ló fẹ́ ẹ, ọmọ ọmọ Megacles tí ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú sọ lókè. Àwọn tó kù gba tálẹ́ńtì fàdákà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa bínú lọ. Ọmọ tí Agariste bí ni Cleisthenes ará Áténì, ẹni tó tún ìlú náà tò ní 508.

Ìdíje lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì bi Agariste léèrè ẹni tó wù ú.

---

Gúgúrú_àti_Ẹ̀pà

"Kò kan Hippocleides" 😂😂 mo máa fi í ṣe orúkọ mi lórí ìkànnì yìí.

---

Jagunlabí

Kí ni gbogbo èyí fi yàtọ̀ sí ohun tí àwọn olóṣèlú wa ń ṣe? Wọ́n á máa pín ìrẹsì, wọ́n á máa

---

Alábòójútó

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ilé wa ní ojú-ewé tirẹ̀. Mo ti kó àwọn ìdáhùn kan lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Gíríìsì la wà.

---

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín ń wo àwọn tó ń díje. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ṣèdájọ́.

Nínú Iliad, wọ́n ya àwòrán ìlú kan sára apata Achilles, akọni ogun náà. Ọjà ni. Ọkùnrin méjì ń fa ọ̀rọ̀ owó ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó kú. Èrò pín sí méjì, àwọn kan ń pariwo fún tibí, àwọn kan ń pariwo fún tọ̀hún, àwọn akéde ń tì wọ́n sẹ́yìn. Àwọn àgbà jókòó sórí òkúta dídán, wọ́n ṣe àkájọ yíká. Bó bá kan ẹnì kan, á gba ọ̀pá, á dìde, á sọ ìdájọ́ tirẹ̀. Ní àárín wọn, tálẹ́ńtì wúrà méjì wà nílẹ̀. Ta ló máa gbé e? Àgbà tó bá dá ẹjọ́ tó tọ́ jù!

Ẹ rí i pé ìdájọ́ fúnra rẹ̀ ti di ìdíje. Àwọn àgbà náà ń du ẹ̀bùn. Ta wá ni yóò sọ àgbà tó borí nínú wọn? Akéwì ò sọ ọ́. Lójú tèmi, èrò tó ń pariwo yẹn ni.

Nínú ewì yẹn kan náà, ẹ tún wo eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n ṣe níbi ìsìnkú Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles. Antilochus rí i pé ọ̀nà há níwájú, ó gbá ẹṣin rẹ̀ wọ ibẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Menelaus, Menelaus fà sẹ́yìn kí wọ́n má bàa kọlu ara wọn. Antilochus bá ṣe ipò kejì, ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ abo ẹṣin. Menelaus lè fi agbára gbà á, ọba ni, ọmọdé nìyẹn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí àwọn olórí Gíríìkì dá ẹjọ́ náà láìṣègbè, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́jọ́ iwájú pé agbára lòun fi gbà á. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, èmi fúnra mi á dá a. Dúró síwájú ẹṣin rẹ, mú pàṣán lọ́wọ́, fọwọ́ kan ẹṣin, kí o fi Poseidon búra pé o ò fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ dí mi lọ́nà." Ọmọkùnrin náà ò lè búra. Ó ní kó máa mú ẹṣin lọ. Menelaus rí i pé ó tẹríba, ó dá a padà fún un.

Ẹni méjì tó ń figa gbága ò lè fi adé dé ara wọn lórí. Àfi kí wọ́n wá ẹlòmíràn: adájọ́, òrìṣà, èrò. Bí wọ́n bá sì ṣe ń wá a tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn. Kò sí ọlọ́lá tó jókòó pé òun fẹ́ fún mẹ̀kúnnù lágbára. Ó fẹ́ borí ni, ó sì nílò ẹni tó máa jẹ́rìí sí i.

---

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ

Bàbá, èyí wọ̀ mí lára. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ Solon o, ebi ni kì í ṣe eré. Àmọ́ ti Cleisthenes ní 508 bá ohun tẹ́ ẹ sọ mu gẹ́lẹ́.

Òun àti Isagoras ló ń du Áténì lẹ́yìn tí wọ́n lé Hippias ọmọ Peisistratus lọ ní 510. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń jà, Isagoras sì borí. Cleisthenes bá kọjú sí aráàlú, ó mú wọn mọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Isagoras ránṣẹ́ sí Cleomenes ọba Sparta. Cleomenes wọlé, ó lé ìdílé 700 jáde, ègún Cylon ni wọ́n tún fi ṣe àwáwí! Ó fẹ́ tú ìgbìmọ̀ ìlú ká. Ìgbìmọ̀ kọ̀. Àwọn aráàlú kóra jọ, Cleisthenes ò sí nílùú rárá, wọ́n há ọba Sparta mọ́ orí Acropolis fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ibi tí mo ti yàtọ̀ sí yín nìyí. Ìdíje ọlọ́lá ló ṣí ilẹ̀kùn, òótọ́ ni. Lọ́jọ́ méjì yẹn, ta ló wà lórí òkè, ta ló yí òkè ká? Àwọn tí wọ́n pè wá jẹ́rìí ti di ẹni tó ń jà fúnra wọn.

---

Sáré_Tete

Cleisthenes wá pín gbogbo wọn sí ẹ̀yà 10 tuntun. Àdúgbò àti abúlé 139 ló fi kọ́ ọ: ó mú díẹ̀ nínú ìlú, díẹ̀ létí òkun, díẹ̀ láàárín ilẹ̀, kí ìdílé ńlá kankan má lè dá ẹ̀yà kan ní. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń mú èèyàn 50 wá sínú ìgbìmọ̀ 500.

Ẹ̀yà orí ìwé lásán nìyẹn o. Báwo lo ṣe ń mú kí àgbẹ̀ láti òkè àti apẹja láti etíkun gbà pé ẹbí làwọn? Jẹ́ kí wọ́n bá ẹ̀yà mìíràn díje! Níbi àjọ̀dún Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin 50 àti ti ọmọdékùnrin 50 kalẹ̀. Èèyàn 1,000 lápapọ̀, tí wọ́n ti ń fi orin dánra wò pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Olówó kan ló ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ akọrin kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá borí, ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀bùn, olówó náà á sì kọ́ nǹkan ìrántí gbé e lé. Ti Lysicrates ṣì wà ní Áténì títí dòní, ọdún 335 ló borí.

Ẹ wo bí ìkòkò Olympia ṣe padà wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ọlọ́lá ń gbé e lọ fún Zeus láti fi ṣe fáàrí fúnra rẹ̀. Ní Áténì, kó tó lè ṣe fáàrí, àfi kó kọ́kọ́ bọ́ akọrin 50.

---

Gúgúrú_àti_Ẹ̀pà

Bí olówó ọ̀hún bá lóun ò ṣe ńkọ́?

---

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ó lè nàka sí ẹlòmíràn pé, "Lágbájá lówó jù mí lọ, òun ni kẹ́ ẹ gbé e fún." Bí lágbájá bá ní irọ́ ni, ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ó dáa, jẹ́ ká pààrọ̀ gbogbo dúkìá wa." Ọ̀rọ̀ náà lè dé ilé ẹjọ́.

Ní ti àwọn adájọ́ orin àti eré ìtàgé, orúkọ 10 ni wọ́n ń fi ṣẹ́ kèké yọ, ọ̀kan láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn á kọ ìdájọ́, márùn-ún péré ni wọ́n á sì fà yọ láti kà. Bí o bá fẹ́ fún adájọ́ lówó ẹ̀yìn, èwo lo máa fún?

---

Àrẹ̀mú_Onítàn

Ọ̀rọ̀ àpáàdì ló kù, mi ò sì gbọdọ̀ fò ó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Áténì máa ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ká lé ẹnì kan lọ. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ mìíràn máa wà tí kálukú á há orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì. Ìbò náà gbọ́dọ̀ pé 6,000. Ẹni tí àpáàdì rẹ̀ bá pọ̀ jù á fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún 10. Wọn ò gba ilé rẹ̀, wọn ò gba oko rẹ̀, wọn ò fẹ̀sùn kàn án. Ó ti ga jù ni, ẹ jẹ́ kó lọ simi. Ọdún 487 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Dreros ní kí o dúró ọdún 10 kí o tó padà sórí oyè, Áténì ní kí o dúró ọdún 10 kí o tó padà wálé.

Àmọ́ ẹ má rò pé àwọn tó ń figa gbága kàn jókòó. Inú kànga kan lẹ́bàá Acropolis ni wọ́n ti rí àpáàdì bíi 190, orúkọ Themistocles, olóṣèlú Áténì kan, ló wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọwọ́ èèyàn 14 péré ló kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti jókòó kọ wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n lè máa pín in fún ẹni tó bá ń kọjá.

---

Laconia_Ń_Wò_Yín

Ẹ̀yin èèyàn Áténì ti yin ara yín tó. Bó bá jẹ́ ìdíje nìkan ló ń bí ètò rere, Sparta ló yẹ kó ṣáájú gbogbo yín. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kó ọmọkùnrin lọ sínú ẹgbẹ́, ìdíje ni wọ́n fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn. Oyè tó ga jù fún arúgbó ni ìgbìmọ̀ àgbà: èèyàn 28 àti ọba méjì, ẹni tó ti lé ní 60 ọdún nìkan, títí ọjọ́ ikú ni.

Bí wọ́n ṣe ń yan wọ́n rèé. Wọ́n á ti àwọn kan mọ́ ilé kan nítòsí, wọn ò lè rí ìta. Àwọn tó ń du ipò á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú aráàlú láìsọ̀rọ̀. Aráàlú á hó. Àwọn inú ilé ò mọ ẹni tó ń kọjá, ariwo ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: ti ẹnì kìíní pọ̀ báyìí, ti ẹnì kẹta pọ̀ jù. Ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé. Aristotle onímọ̀ ọgbọ́n orí ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni.

Ìdíje wà, adájọ́ wà, èrò wà. Sparta ò sì di Áténì. Ẹ túmọ̀ ìyẹn fún mi.

---

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ

Ó rọrùn. Àwọn tó ń hó yẹn, hóhó nìkan ni wọ́n lè ṣe. Nínú ìpàdé Áténì, ẹni tó bá fẹ́ lè dìde sọ̀rọ̀. Lábẹ́ òfin Solon, ẹni tó bá fẹ́ lè gbé ẹjọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ wá sílé ẹjọ́. Àti pé gbogbo Sparta jókòó lé àwọn helot, ìyẹn àwọn tí wọ́n sọ di ẹrú tó ń ro oko fún wọn, lórí, ẹ̀rù wọn ló ń mú wọn wà ní ìṣọ̀kan. Áténì náà ní ẹrú, mi ò sọ pé wọn ò ní.

---

Laconia_Ń_Wò_Yín

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni obìnrin tó kọ́kọ́ gba adé Olympia ti wá? Cyniska, ọmọ ọba Sparta, 396 àti 392, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin.

---

Ìyá_Ìbejì

Áà! Báwo ló ṣe rí i ṣe, nígbà tí obìnrin ò lè bá wọn díje ní pápá?

---

Sáré_Tete

Ẹ padà sí ohun tí mo kọ lókè, àǹtí: ẹni tó ni ẹṣin ló ń gba adé, kì í ṣe ẹni tó wà á. Àwọn olówó ló fi òfin yẹn tọ́jú ara wọn, kí wọ́n lè gba ògo láìfarapa. Òfin náà ò sọ pé ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ ni ẹṣin. Cyniska ra ẹṣin.

---

Ìyá_Ìbejì

Ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìdí ère rẹ̀ ní Olympia pé òun nìkan ni obìnrin ní gbogbo Gíríìsì tó gba adé yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Bàbá ọba, ẹ̀gbọ́n ọba, ó ka gbogbo wọn síbẹ̀. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù: àwọn adájọ́ Elis, ṣé wọ́n yí òfin padà lẹ́yìn náà kí obìnrin má bàa tún ṣe é?

---

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Rárá. Àwọn obìnrin mìíràn tún gba adé kẹ̀kẹ́ ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀, ará Sparta wà nínú wọn.